Láti Mọ́ńdé dé Sátidé: Ìgbé-Ayé Àwọn Míṣọ́nnárì Àkọ́kọ́ ní Lesotho

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá ní ìbéèrè nínú kíláàsì ìtàn Ìjọ pé: “Bí míṣọ́nnárì bá wàásù ní ọjọ́ Àìkú, kí ni ó ń ṣe láti Mọ́ńdé dé Sátidé?” Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ìròyìn iṣẹ́ míṣọ́n tí a máa ń kà ní ìpàdé kún fún iye ọkàn tí a jèrè àti iye ìjọ tí a dá sílẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ẹni tó kọ́ òjíṣẹ́ náà ní èdè, tàbí ẹni tó fún un ní oúnjẹ jẹ. Ìtàn Lesotho lè ràn wá lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ló yí Lesotho ká ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ olókè ni: ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ níbẹ̀ fi nǹkan bí 1,400 mítà ga ju ojú òkun lọ, yìnyín sì máa ń bo orí àwọn òkè ní ìgbà òtútù. Ní ìgbà òtútù bẹ́ẹ̀, ní Oṣù Kẹfà ọdún 1833, ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ẹgbẹ́ míṣọ́n kan ní Paris rán dé Thaba Bosiu, orí òkè tí Ọba Moshoeshoe tẹ̀dó sí. Ẹni 20 ọdún ni Eugène Casalis, ẹni 23 ọdún sì ni Thomas Arbousset. Ẹ̀gbọ́n wọn, Constant Gosselin, kì í ṣe àlùfáà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó mọ ilé kíkọ́.

Kì í ṣe Lesotho ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kúrò nílé. Ogun ló da iṣẹ́ tí àwọn aṣáájú wọn ń ṣe láàárín àwọn Tswana rú. Moshoeshoe ní tirẹ̀ ti gbọ́ nípa míṣọ́nnárì lẹ́nu ọdẹ kan, Adam Krotz, ó sì ti fi màlúù ránṣẹ́ kí a lè bá òun wá wọn. Ogun àti ìyàn ti tú àwọn ènìyàn ká. Ọba ń kó wọn jọ, ó sì ń wá àlàáfíà àti ààbò. Nítorí náà, àlejò tí a ránṣẹ́ pè ni àwọn mẹ́ta yìí. Onílé ti mọ ohun tí ó ń fẹ́ kí wọ́n tó dé.

Ọba fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Morija, láti ara Mòráyà inú Jẹ́nẹ́sísì 22. Ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ Letsie àti Molapo pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ láti lọ máa gbé nítòsí wọn. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí oko. Láti Mọ́ńdé dé Sátidé, iṣẹ́ ọwọ́ ni: ilé kíkọ́, igi gígé, ilẹ̀ ríro. Igi ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ náà, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni àwọn Basotho fi ń dáná. Ọkà bàbà àti wàrà ni oúnjẹ. Nínú iṣẹ́ báyìí, Gosselin tí kì í ṣe àlùfáà ni ọ̀gá, àwọn àlùfáà sì ni ọmọ iṣẹ́.

Èdè ni iṣẹ́ kejì. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n lè fi kọ́ Sesotho. Ẹnikẹ́ni tó bá lè pe orúkọ nǹkan fún wọn ni tíṣà wọn. Ní ọdún 1841, Casalis tẹ ìwé kan jáde lórí èdè náà. Nígbà tó fi di 1863, Adolphe Mabille ti dá ìwé ìròyìn Leselinyana sílẹ̀ ní Morija. Odindi Bíbélì Sesotho jáde ní 1881, ọdún mẹ́ta ṣáájú odindi Bíbélì Yorùbá. Kí ẹ ka iye ọdún náà, ẹ̀yin ará: láti 1833 dé 1881 jẹ́ ọdún 48.

A kò gbọdọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ṣe àṣìṣe. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ àṣà Basotho jà, títí kan owó orí ìyàwó, wọ́n sì ní kí olóbìnrin púpọ̀ kọ́kọ́ kọ àwọn ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó ṣe ìrìbọmi fún un. Àwọn obìnrin tí a kọ̀ sílẹ̀ ló ru ẹrù ìpinnu náà. Moshoeshoe, tó pè wọ́n wá, tó sì fún wọn ní ilẹ̀, kú ní Oṣù Kẹta ọdún 1870 láìṣe ìrìbọmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Èyí tí kò rí náà wà nínú ìtàn.

Síbẹ̀, nígbà tí ìṣòro dé, wọn kò sá. Casalis kó lọ sí ẹsẹ̀ òkè Thaba Bosiu, ó sì ń bá ọba kọ lẹ́tà sí àwọn ìjọba òkèèrè. Ìyàwó rẹ̀, Sarah, kú ní ilẹ̀ náà. Ní 1866, nígbà tí àwọn Bóà ti Orange Free State bá Basotho jagun, wọ́n lé ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì kúrò ní ibùdó wọn, nítorí wọ́n ti di ara àwọn tí wọ́n ń bá gbé.

Láti 1967, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni Peace Corps láti Amẹ́ríkà ti ń lọ sí Lesotho. Ìjọba ló rán wọn; iṣẹ́ ìwàásù kọ́ ni wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé wọn lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ ìdílé Basotho fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọn a kọ́ èdè, ìdílé náà a sì fún wọn ní orúkọ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún wa. A ti rán ọ̀dọ́ pásítọ̀ lọ sí ibi tí kò ti gbọ́ èdè, oṣù kẹta kò tíì pé tí a fi ń béèrè iye ọmọ ìjọ rẹ̀. Nígbà tí ó padà wálé pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì, a ní kò gbàdúrà tó.

Nínú Lúùkù 10, Olúwa pa á láṣẹ fún àwọn àádọ́rin pé kí wọ́n sọ àlàáfíà sórí ilé tí wọ́n bá wọ̀, kí wọ́n dúró níbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ ohun tí a bá gbé síwájú wọn. Jíjẹun nílé onílé ṣáájú ìwòsàn àti ìwàásù nínú àṣẹ náà. A bẹ̀bẹ̀, nígbà tí ẹ bá di alábòójútó tí ẹ sì rán ẹnìkan jáde, ẹ má ṣe béèrè iye ọkàn ní ọdún kìíní. Ẹ bi í pé: “Ta ló ń kọ́ ọ ní èdè? Ilé ta ni o ti ń jẹun? Orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́?”