Ibodè Owó Tí A Kò Fojú Rí

Kí òyìnbó tó dé, oníbodè a máa jókòó sí ẹnu odi ìlú, ẹrù tí ó bá sì rí lórí alárùú ni ó ń gba owó lé. Ohun tí ó wà nínú àká ẹni kò kàn án. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn rán wá sí Èkìtì ni wọn kò mọ ààlà yìí. Inú ilé onílé ni wọ́n ti ń gba ohun tí ó wù wọ́n. Fábùnmi yọ idà sí wọn ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní nǹkan bí 1878, ogun Kírìjì sì bẹ́ sílẹ̀. Ní 1918, ìjọba òyìnbó ní kí olúkúlùkù ará Ẹ̀gbá máa san owó-orí lórí ohun tí ń wọlé fún un. Ogun Adùbí wà lára ohun tí èyí bí.

Lónìí, ọ̀dọ́ kan lè jókòó ní Ìlọ́rò-Èkìtì, kí ó máa kọ́ ilé, kí ó máa rán aṣọ, nínú ayé orí kọ̀ǹpútà tí ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀, kí ará Amẹ́ríkà sì rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Second Life, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003: ó ní owó tirẹ̀, a sì lè ṣẹ́ ẹ sí dọ́là. Owó orí ẹ̀rọ, bí Bitcoin, wà lára ọ̀nà tí irú èrè bẹ́ẹ̀ lè gbà délé.

Ní February 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò owó orí ẹ̀rọ. Oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n tó tú àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n Òfin Ìṣúná 2023 ti bu ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé èrè orí irú dúkìá bẹ́ẹ̀ kí ọdún náà tó dá sí méjì. Ẹ wo èyí ná: ohun tí báńkì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni agbowó-orí nawọ́ sí! Òfin owó-orí 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, ka èrè náà mọ́ owó tí ń wọlé fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún.

Ní tèmi, ibi tí owó eré bá ti di náírà ni ó yẹ kí ibodè wà. Bí ó bá ṣì wà nínú eré, inú àká ni ó wà: iye rẹ̀ lè já wálẹ̀ lọ́la, ẹni tí ó ni eré náà sì lè pa á tì pátápátá. Òfin sì ní kí olówó fúnra rẹ̀ wá sọ iye tí ó jẹ lérè. Oníbodè àtijọ́ kò béèrè irú èyí rí. Ojú ara rẹ̀ ni ó fi ń ka ẹrù.