Ìrìn-àjò Ìgbà Òtútù ní Tajikístàn: Òkè, Odò àti Ààlà

Tajikístàn ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún Àárín Gbùngbùn Éṣíà, ṣùgbọ́n òkè ló gba nǹkan bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó sì ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ tó ga kọjá 3,000 mítà. Nítorí èyí, ìtàn ìrìn-àjò níbẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn àwọn àlàfo òkè, ìyẹn ibi tí ọ̀wọ́ òkè ti rẹlẹ̀ díẹ̀ tí ènìyàn, ẹran àti ọkọ̀ fi lè ti àfonífojì kan bọ́ sí òmíràn. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún, òjò dídì a máa dí púpọ̀ nínú wọn pa. Òtútù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń di ẹ̀bi gbogbo ìnira náà rù, bẹ́ẹ̀ sì ni ààlà tí ìjọba pa sáàárín àwọn àfonífojì ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún lọ́wọ́ nínú rẹ̀ bí òjò dídì fúnra rẹ̀ ṣe ní in.

Ní ayé àtijọ́, ìgbà òtútù kì í ti gbogbo ọ̀nà pa. Bí ó ti ń ti ọ̀nà orí òkè ni ó ń ṣí ojú odò sílẹ̀. Odò Panj, tó wà láàárín Tajikístàn àti Afganístàn lónìí, a máa kún nígbà ooru tí òjò dídì orí òkè bá ń yọ́, omi a sì bo ẹsẹ̀ àpáta débi pé kò ní sí etídò tí ènìyàn lè tẹ̀. Ní irú ibẹ̀, orí ovring ni àwọn ará àfonífojì ń gbà, ìyẹn ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi èèkàn igi tí wọ́n kì bọ ihò ara àpáta ṣe, tí wọ́n sì to ẹ̀ka igi, òkúta àti erùpẹ̀ lé lórí, tó jẹ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ ló sábà ń lè gbà á láìséwu. Nígbà òtútù ni omi ń fà, tí etí odò ń dì gbagidi, tí ènìyàn àti ẹran sì ń rìn lórí rẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni John Wood, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Íńdíà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbà ní oṣù kejì ọdún 1838, tó fi gòkè dé adágún Zorkul tó ga kọjá 4,100 mítà, tó sì gbà pé ibẹ̀ ni odò Oxus, tí wọ́n ń pè ní Amu Darya lónìí, ti ṣẹ̀ wá. Marco Polo tó gba àwọn òkè Pamir ní ìlà-oòrùn Tajikístàn kọjá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ti sọ ṣáájú pé iná kì í jó dáadáa níbẹ̀ nítorí òtútù. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ níbi gíga ló fà á, ṣùgbọ́n àkíyèsí rẹ̀ péye ju àlàyé rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi di 1898, tí Ole Olufsen, ọ̀gágun ará Denmark, wá lo ìgbà òtútù ní ìlú Khorog ní Pamir, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti fìdí kalẹ̀ ní Murghab, ní ìlà-oòrùn Pamir.

Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ló gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ àwọn Tajik sílẹ̀ ní 1924, abẹ́ Uzbẹkístàn ni wọ́n fi í sí. Ní 1929 wọ́n jẹ́ kó dúró lọ́tọ̀, wọ́n sì fi agbègbè Khujand ní àríwá kún un. Ọ̀wọ́ òkè mẹ́ta, Turkestan, Zeravshan àti Hissar, ló dábùú Khujand àti olú-ìlú Dushanbe, ọ̀nà ọkọ̀ sì ń gba àlàfo Anzob tó ga ní 3,372 mítà àti Shahriston tó ga ní 3,378 mítà, tí kò ṣeé gbà nígbà òtútù. Èyí kò da ẹnikẹ́ni láàmú púpọ̀, nítorí ọkọ̀ ojú irin tó kọ́kọ́ wọ Dushanbe láti Termez ní 1929 ń gba ilẹ̀ Uzbẹkístàn kọjá, ẹni tó bá sì ń lọ sí Khujand nínú oṣù kìíní a yí gba Samarkand láìsí aṣọ́bodè tí yóò dá a dúró.

Ti ìlà-oòrùn yàtọ̀. Ọ̀nà Pamir, tí wọ́n là láti Osh ní Kirgísístàn dé Khorog láàárín 1931 sí 1934, ń gba àlàfo Ak-Baital tó ga ní 4,655 mítà, nígbà tí ọ̀nà Dushanbe sí Khorog, tó parí ní 1940, ń gba Khaburabot tí kò ju 3,252 mítà lọ. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ náà yóò rò pé èyí tó ga jù ni òtútù yóò kọ́kọ́ tì, ṣùgbọ́n èyí tó rẹlẹ̀ ni ó máa ń tì. Ìwọ̀-oòrùn ni ìkùukùu tó ru omi ti ń wá, àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn ló sì ń gba òjò dídì náà sílẹ̀, èyí tó fi jẹ́ pé àárín wọn ni Fedchenko wà, odò yìnyín tó gùn ní 77 kìlómítà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fi máa kọjá sí ìlà-oòrùn Pamir, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní omi kankan nínú mọ́. Òjò àti òjò dídì tó ń rọ̀ ní Murghab lọ́dún kan kò tó 100 mìlímítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ibẹ̀ ń gan ènìyàn. Nítorí náà, láti Osh ni wọ́n ti máa ń kó ẹrù lọ fún Khorog nígbà òtútù láyé ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1992 sí 1997, tí ọ̀nà Dushanbe dí pátápátá, ọ̀nà yìí kan náà ni àjọ Aga Khan, olórí àwọn Mùsùlùmí Ismaili tí ọ̀pọ̀ ará Pamir jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ̀, fi ọkọ̀ akẹ́rù kó oúnjẹ gbà kí ebi má baà pa àwọn ènìyàn kú.

Òmìnira ọdún 1991 ló sọ ààlà orí ìwé di ààlà gidi. Ọkọ̀ òfuurufú kò fò tààrà láàárín Dushanbe àti Tashkent, olú-ìlú Uzbẹkístàn, láti 1992 títí di 2017, Uzbẹkístàn béèrè físà, ó sì ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ ní àwọn apá kan lára ààlà. Ní 2010 ni ẹnubodè tó wà láàárín Penjikent ní Tajikístàn àti Samarkand ní Uzbẹkístàn tì, tí kò sì ṣí títí di 2018. Penjikent, tí kò jìnnà sí ọjà Samarkand rárá, wá di ìlú tí kò lè dé ọjà náà mọ́. Kí ọ̀nà abẹ́ òkè tó wà, ará àríwá tó bá fẹ́ dé olú-ìlú rẹ̀ nígbà òtútù ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú tí owó rẹ̀ pọ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Gbígbẹ́ inú òkè ni ìjọba fi dáhùn, kí ẹnubodè Penjikent tó tì pàápàá. Iléeṣẹ́ ará Ìránì ló gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ òkè Anzob tó gùn tó 5 kìlómítà, wọ́n sì ṣí i ní 2006 nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí: omi ń ya lára ògiri, kòtò kún ojú ọ̀nà, kò sí iná, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń lé èéfín ọkọ̀ jáde, débi pé orúkọ ihò ikú mọ́ ọn lára kí wọ́n tó tún un ṣe. Ṣíṣí i láìparí kì í ṣe ìwà ọlọgbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn awakọ̀ yàn án láàyò ju kí wọ́n dúró de oṣù karùn-ún lọ. Ti Shahriston, tí àwọn ará Ṣáínà gbẹ́ tó sì ṣí ní 2012, dára jù ú lọ.

Ihò abẹ́ òkè kò kápá gbogbo ewu. Òjò dídì tó ti kó jọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè já lójijì kó sì ya bo ohunkóhun tó wà nísàlẹ̀, bó ti ṣẹlẹ̀ ní Khorog àti agbègbè rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2023, tí ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tó kú. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó máa ń ti Dushanbe lọ sí Khorog nígbà kan rí, tó ń fò láàárín àwọn ṣóńṣó òkè, kì í gbéra bí ojú ọjọ́ kò bá mọ́. Khaburabot ṣì ń tì lọ́dọọdún, ọkọ̀ tó bá sì ń lọ sí Khorog nígbà náà ń gba Kulob, lójú ọ̀nà tó tẹ̀lé odò Panj.