Ìwé Ìlera Kí A Tó Rìnrìn Àjò: Ìtàn Tó Yẹ Kí Gbogbo Ọmọ Ọ̀fà Mọ̀



Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ wa kan béèrè lórí ọ̀kan nínú àwọn gúrúùpù WhatsApp wa pé ibo ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò TB fún físà ìlú Ọba. Ìbéèrè dáadáa ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dá a lóhùn. Ẹnìkan ní Ìkẹjà ni, òmíràn ní wọ́n ń ṣe é ní Àbújá náà. Ìdáhùn kẹta ló mú mi dìde jókòó: "Kí lo fẹ́ máa da ara ẹ láàmú sí? Mo mọ ẹnìkan tó lè bá ẹ ṣe ìwé ẹ̀ láìjẹ́ pé o dé ibẹ̀ rárá." Àwọn kan sì fi àwòrán àtàǹpàkò gbè é lẹ́yìn!

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí gúrúùpù. Mo ní kí n kúkú kọ ìtàn ìwé yìí sínú ìròyìn ẹgbẹ́ wa, kí a jọ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, àti ìdí tí kò fi yẹ kí èèyàn rà á bí ẹni ra gúgúrú.

Ayé àwọn bàbá wa

Ọmọ Ọ̀fà ti ń rìnrìn àjò tipẹ́. Ní 1908 ni ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa tó sì kọjá sí Ìlọrin, ọ̀nà sì là láti ilé títí dé Èkó. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa gba Gold Coast lọ, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n ń tajà káàkiri ọjà ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó ọkọ̀, ẹrù orí, àti orúkọ ará ilé kan tó ti wà níwájú ni ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá dé ni yóò gba ẹni tó ń bọ̀ sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Àwọn tó ti lo ogún ọdún, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, di ẹrù tí wọ́n lè dì, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Ìwé ìlera kọ́ nìyẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀fà ti kọ́ ọ pé ìwé tí a fojú kéré lónìí lè di ìlẹ̀kùn tí wọ́n máa tì mọ́ wa lójú lọ́la.

Ẹ̀rù àìsàn ló bí i

Ìwé ìlera ní tiẹ̀, ẹ̀rù ló bí i. Ní 1377, ìlú Ragusa tó wà létí òkun, tí wọ́n ń pè ní Dubrovnik lónìí ní ilẹ̀ Kùróéṣíà, ṣòfin pé ẹni tó bá ti ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà bọ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró síbì kan fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó wọ̀lú. Nígbà tó yá, àwọn ìlú etí òkun sọ ọ́ di ogójì ọjọ́. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ítálì ń lò fún ogójì ni Òyìnbó ti fa ọ̀rọ̀ quarantine yọ, èyí tí gbogbo wa wá mọ̀ dunjú nígbà Kòrónà.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ ayé òde òní. Ní 1891, Amẹ́ríkà ṣòfin pé àwọn ò ní gba ẹni tó bá ní àrùn tó ń ràn wọlé. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n ṣí Ellis Island ní New York. Àwọn dókítà máa ń dúró wo àwọn èrò bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn: ta ló ń tiro, ta ló ń mí gúlegúle? Ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọ́n á fi ẹfun kọ lẹ́tà sí aṣọ rẹ̀ láyà. H ni ti ọkàn, L ni ti ẹni tó ń tiro, E ni ti ojú. Wọ́n á tún ṣí ìpéǹpéjú èèyàn wò bóyá àrùn ojú wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yẹn nìyí: ẹni tí wọn ò bá gbà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá ló máa gbé e padà lówó ara rẹ̀. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn ọlọ́kọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ ọkọ̀ láti Yúróòpù. Bí àyẹ̀wò ṣe kúrò lẹ́nu ọ̀nà àlejò nìyẹn, tó wá di ẹnu ọ̀nà ilé arìnrìn-àjò fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni a ṣì ń tọ̀ dòní.

Yẹ́lò káàdì: ẹ̀jẹ̀ wa wà nínú rẹ̀

Àwọn kan rò pé Òyìnbó kàn fi yẹ́lò káàdì dá wa lágara ni. Ẹ gbọ́ o. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Rockefeller Foundation wá sí Yábàá ní Èkó láti wádìí ibà pọ́njú. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin Gold Coast kan tó ń jẹ́ Asibi, tí ibà náà ń ṣe. Asibi yè é. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣèwádìí náà, Adrian Stokes, kó àrùn ọ̀hún, Èkó níbí ló sì kú sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni Max Theiler àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú títí tó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún káàkiri ayé títí di òní, ara ẹ̀jẹ̀ èèyàn dúdú ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti wá.

Kí la wá fi ṣe? Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa ń ra káàdì náà láì gba abẹ́rẹ́ kankan. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà, wọ́n ní káàdì wọn kì í ṣe ojúlówó. Ìjọba wa bínú, àwa náà dá ọmọ ilẹ̀ wọn padà, títí tí South Africa fi wá tọrọ àforíjì. Ó dára pé wọ́n bẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: nínú àwọn 125 yẹn, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lóòótọ́ náà jìyà. Kí ló fà á tí ẹnikẹ́ni fi lè fura sí gbogbo wa pọ̀? Ayédèrú tí àwọn kan ti ń ná sẹ́yìn ni.

Láti oṣù keje ọdún 2016, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, kì í ṣe ọdún mẹ́wàá mọ́. Kó kàn pé ọjọ́ mẹ́wàá tí o gbà á kí o tó gbéra. Kí lèèyàn wá fẹ́ ra ayédèrú fún?

Ìwé ìlera sì máa ń kú o. Àwọn tó lọ sí Mẹ́kà láyé ọjọ́un á rántí ìwé abẹ́rẹ́ ìgbóná. Ní 1970 ni ìgbóná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Láti ìgbà náà, ta ló tún ń béèrè ìwé ìgbóná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Nígbà tí àìsàn bá lọ, ìwé rẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo òfin ló tọ́

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ló dára o. Láti 1987 ni Amẹ́ríkà ti fi kòkòrò HIV sínú ohun tí wọ́n fi ń dá àlejò dúró, oṣù kìíní ọdún 2010 ni wọ́n tó mú un kúrò. Ọdún méjìlélógún! Kòkòrò tí kì í ràn nípa bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ tàbí jíjókòó ti ara ẹni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni òfin yẹn pín níyà. Àwọn tó pariwo, tí wọ́n fi ẹ̀rí ìmọ̀ ìṣègùn bá ìjọba jà, ni wọ́n yí i padà. Ẹnikẹ́ni ò fi ayédèrú ìwé yí i padà.

TB àti ọ̀nà Ìkẹjà

Wàyí o, ọ̀rọ̀ TB, tí àwa ń pè ní ikọ́ ife. Láyé àtijọ́, wọ́n ní ó ń bá ìdílé rìn, àwọn mìíràn ní àfiṣe ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch ará Jámánì fi han ayé pé kòkòrò ló ń fà á. Ní 1895, Röntgen rí ìtànṣán X-ray, a wá lè wo inú àyà láì la àyà. Láti àwọn ọdún 1940 ni oògùn rẹ̀ ti ń jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, nígbà tí ẹni tó ní in bá wúkọ́. Ṣíbí tàbí àwo kọ́ ni wọ́n fi ń kó o.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ni wọ́n ti ń ya àyà àwọn tó ń bọ̀ láti ibi tí TB ti pọ̀. Láàárín 2012 sí 2014, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n dá a padà sílé wa: ẹni tó bá fẹ́ lo ju oṣù mẹ́fà lọ ní ìlú Ọba gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó tọrọ físà. Àjọ IOM ló ń ṣe é ní Ìkẹjà àti ní Àbújá, ìwọ fúnra rẹ lo máa san owó rẹ̀. Bí ìṣe àwọn ọlọ́kọ̀ Ellis Island gẹ́lẹ́.

Tí o bá débẹ̀, wọ́n á bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ya àyà rẹ. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kì í sábà ya X-ray. Obìnrin tó lóyún lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ọ̀nà mìíràn, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tí àyà bá mọ́, wọ́n á fún ọ ní ìwé, oṣù mẹ́fà ló máa fi ṣiṣẹ́. Tí àwòrán ò bá dá wọn lójú, wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èsì rẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nítorí náà, má ṣe fi í di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ibí ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn ọmọ wa, ibẹ̀ náà ni àwọn oníwèé ayédèrú ti ń rí wọn mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ìwé gbà ní yunifásítì kan lọ́hùn-ún. Ó ṣe X-ray, wọ́n rí nǹkan. Ó fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, èsì dé: TB ni. Ọmọ náà sunkún títí, kò fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́. Ẹnìkan ti gba nọ́ńbà oníwèé fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní, "Ọmọ mi, ẹ̀dọ̀fóró rẹ lo fẹ́ gbé lọ, kì í ṣe bébà."

Ó lo oògùn oṣù mẹ́fà ní ọsibítù ìjọba, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kí gbogbo ará ilé wá ṣe àyẹ̀wò. Ìgbà yẹn ni a tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀, tó ti ń wúkọ́ láti ìgbà ọyẹ́, tí gbogbo wa ń po àgbo fún, òun náà ní in. Àwọn méjèèjì jọ lo oògùn, ara àwọn méjèèjì le. Ọmọ náà pàdánù sáà kan ní yunifásítì. Wọ́n bá a sún ìwé rẹ̀ síwájú, ó tún àyẹ̀wò ṣe, ó mọ́, ó sì ti lọ. Ká ní ó ra ìwé ni, ìyá yẹn ìbá má sí láyé lónìí, àbí mo parọ́?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá rí TB lára rẹ, ìrìn àjò rẹ sún síwájú ni, kò bà jẹ́. Tí wọ́n bá rí ayédèrú ìwé lọ́wọ́ rẹ, ìlú Ọba lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọ fún ọdún mẹ́wàá, ikọ́ rẹ á sì wà nílé pẹ̀lú ìyá rẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà orí gúrúùpù, ẹ má ṣe jẹ́ kí irú ìdáhùn kẹta yẹn kọjá láì fèsì. Ẹni tó bá ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, yálà ó ní físà lọ́kàn tàbí kò ní, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù ìjọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ bá ń fi owó físà ránṣẹ́ sí àbúrò yín, ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló lọ ya àyà rẹ̀.

Ọlọ́run á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀ ire o. Ọ̀fà kò ní bàjẹ́ lójú wa.