Sípánà Tí Kò Bá Nọ́ọ̀tì Mu

Tí ẹ bá fẹ́ mọ orílẹ̀-èdè tó ń ta lọ́rì fún wa láyé àtijọ́, ẹ má wulẹ̀ wá ìwé ìjọba kiri. Ẹ ṣí àpótí irinṣẹ́ mẹkáníìkì àgbà kan wò. Èyí tí mo mọ̀ dáadáa jẹ́ ti bàbá mi àgbà, tí wọ́n ń tú gíábọ́ọ̀sì lọ́rì tò lẹ́yìnkùlé ilé wa n'Íbàdàn.

Oríṣi sípánà méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ìdá ínǹṣì lára, 3/8, 1/2, pẹ̀lú lẹ́tà W. W yìí dúró fún Joseph Whitworth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1841 kí bóòtù tí ilé iṣẹ́ kan ṣe lè wọ nọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n ẹnu sípánà; ìwọ̀n bóòtù ni. Ẹnu 3/8 W fẹ̀ tó mílímítà 18. Ẹ mú sípánà 17 wá, kò ní wọ nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ mú 19 wá, á máa yọ̀, á sì jẹ orí nọ́ọ̀tì náà títí á fi rí roboto. Bẹ́ẹ̀, 17 àti 19 ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì òde òní.

Lọ́rì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kó W wá. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, Bedford àti Austin wà lára ọkọ̀ tó ń kó kòkó àti èrò. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara wọn, tí wọ́n fi di bọ́lẹ̀kájà. Gíá wọn le! Òótọ́ ni pé Cadillac ti gbé gíá tó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ jáde l'Amẹ́ríkà ní 1928, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé inú lọ́rì. Dírẹ́bà ní láti tẹ kilọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fetí sí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí etí rẹ̀ ò gbọ́, eyín gíá ló máa ká. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá mi àgbà ti ń wá.

Sípánà kejì, ti mílímítà, bá Mercedes 911 wá láti Jámánì. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, a kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, bíi tàwọn ará Jámánì. Lójú tèmi, owó epo ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bedford ju ìyẹn lọ. Nígbà tó di 1980, wọ́n ti ń to lọ́rì Mercedes ní Ẹnúgu.

Bàbá mi ní kí a ta àwọn W náà ní kílò. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá mọ́, wọn ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n oníkílò kì í bi irin léèrè ibi tó ti wá. Mo bẹ̀ wọ́n kí n kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún mi títí di ìparí ọdún.

Irinṣẹ́ tó kù kò ní nọ́ńbà rárá. Ọ̀pá idẹ kan wà, torí idẹ rọ̀ ju irin lọ, kì í ṣá eyín gíá tí a bá fi òòlù lù ú. Ìkejì jẹ́ igi róbótó tí wọ́n gbẹ́ dán, tí ẹni tí kò mọ̀ á fi dáná. Nínú ihò gíá ìsàlẹ̀ ni àwọn irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ máa ń wà, tí gíríìsì nìkan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Wọ́n á ti igi náà bọ àárín wọn kí wọ́n má bàa dà, wọ́n á gbé gíá sínú àpótí rẹ̀, wọ́n á wá fi ṣáàfù gidi ti igi láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, títí igi á fi yọ lódì kejì, tí gbogbo abẹ́rẹ́ á sì wà ní ààyè wọn.