Res Judicata

Ọ̀rọ̀ Látìn ni res judicata: res ni ọ̀ràn, judicata ni èyí tí a ti dá. Ní kóòtù Nàìjíríà, òun ló ń dínà mọ́ ẹni tó tún gbé ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ àtijọ́ ló lágbára yìí. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣekágbá, láti kóòtù tó láṣẹ lórí ọ̀ràn náà. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀ kan náà, àríyànjiyàn kan náà, láàárín àwọn kan náà tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́. Ọmọ tó jogún ẹni tó pàdánù ẹjọ́, àti ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́, wà lára wọn. Pípààrọ̀ orúkọ olùpẹjọ́ kò yí nǹkan kan padà.

Àpẹẹrẹ: “Lọ́yà sọ fún adájọ́ pé res judicata ti dé ẹjọ́ náà, torí kóòtù ti dá a láàárín bàbá olùpẹjọ́ àti bàbá olùjẹ́jọ́.”

Àṣìlò ni láti pe ẹjọ́ tí kóòtù kàn yọ kúrò nínú ìwé rẹ̀ nítorí àléébù ìlànà ní res judicata. Kóòtù kò tíì gbọ́ ìdí ọ̀ràn, wọ́n sì lè tún un pè. Kòtẹ́milọ́rùn náà kì í ṣe ẹjọ́ tuntun: ìdájọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé lọ síwájú kóòtù tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ìdájọ́ ilẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn, ibẹ̀ ni kó gbà.