Lápàdé, Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá ń gbé Dallas kò lè sọ pé òun kò gbọ́ ìtàn ọ̀daràn rí. Ìlú yìí ni Clyde Barrow àti Bonnie Parker gbé dàgbà. Ibí náà ni a sin wọ́n sí ní 1934, lẹ́yìn tí àwọn agbófinró ti yìnbọn pa wọ́n ní Louisiana. Ìlú yìí kan náà ni ilé gbàǹjo Heritage Auctions wà. Ní oṣù kejì ọdún 2010, wọ́n ta ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú ìwé aláwòrán tí à ń pè ní Detective Comics, nọ́ńbà 27, ní $1,075,500. Sẹ́ǹtì 10 péré ni owó rẹ̀ nígbà tí ó jáde ní 1939, inú rẹ̀ ni Batman sì ti kọ́kọ́ yọjú. Ìwé tí ọmọdé ń ká sí àpò ṣòkòtò wá di ohun tí ọlọ́rọ̀ ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti èdè tiwa ńkọ́? Àwọn kan nínú wa rò pé kò sí irú rẹ̀. Ó wà, ọkùnrin kan sì ni ó la ọ̀nà rẹ̀ jù lọ: Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, olùkọ́, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́, tí a bí ní 1929 tí ó sì papò dà ní 2019.

Kí ó tó dé, a ti ní ìwé ìtàn àròsọ. I. B. Thomas ti kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá, obìnrin Èkó nì, sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Fágúnwà sì ti mú gbogbo wa wọ Igbó Irúnmọlẹ̀ lọ láti 1938. Fágúnwà gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé kò sí ibòmíràn tí akọni Yorùbá tún lè gbà ju inú igbó lọ. Ní 1969 ni Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde. Kò sí iwin nínú rẹ̀, kò sí ẹlẹ́mìí mẹ́rin. Títì ni ó wà níbẹ̀, àti mọ́tò, àti ọlọ́pàá, àti àwọn ọmọ ènìyàn tí ìwà wọn burú ju ti iwin lọ. Ní 1971 ni Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e.

Ẹ wo àkókò náà dáadáa. Ogun abẹ́lé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kò tí ì parí nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ìbọn ti di ohun tí ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ ń tó, olè jíjà pẹ̀lú ìbọn sì gbòde. Lọ́dún náà ni ìjọba ológun ṣòfin pé pípa ni kí a máa pa adigunjalè. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 ni wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní Bar Beach l'Ékòó, níṣojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí wọ́n wá wòran. Ọdún tí Àgbàlagbà Akàn jáde gan-an nìyẹn. Ìjọba ń fi ibi tí olè parí sí han aráàlú. Òkédìjí ń tọ ipasẹ̀ olè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lápàdé ni ó fi ṣe olórí ìtàn nínú ìwé méjèèjì. Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí ni, kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ́, ṣùgbọ́n kò lè rí ọ̀ràn kí ó mójú kúrò. Tàfá Ìgìrípá ni ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn aláríwísí a máa so ọ̀nà ìkọ̀wé yìí mọ́ ti James Hadley Chase, mo sì gbà pẹ̀lú wọn dé ìwọ̀n kan: eré sísá wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, ìtàn kì í sì í dúró sinmi. Ṣùgbọ́n Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Chase. Ìwé atúmọ̀ èdè àti àwòrán ilẹ̀ ni ó ń wò kọ ìtàn Amẹ́ríkà. Òkédìjí kò ní láti wo àwòrán ilẹ̀ kí ó tó kọ Ìbàdàn. Ohun mìíràn tún ni ẹnu Lápàdé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbólóhùn rẹ̀ a máa gé kúkúrú bí ẹni pé owó ni ó ń san lé e. Lápàdé ní tirẹ̀ a pòwe, a kọrin, a fi ọ̀rọ̀ dápàárá, a fi ọ̀rọ̀ bú ènìyàn títí orí ẹni náà yóò fi dàrú. (Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó kọ ọ́, kí ni ẹ ń retí?) Àwọn kan ní òwe náà ti pọ̀ jù, pé ó ń fa ìtàn sẹ́yìn. N kò gbà fún wọn. Kò ní àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó kù fún un, òun ni ó sì fi ń ṣe ohun ìjà.

Kí a má purọ́, kì í ṣe òun nìkan ni ó wà lórí pápá. Kọ́lá Akínlàdé náà ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, Akin Olúṣínà, ọmọlúwàbí tí ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tú ọ̀rọ̀ bí ẹni tú òwú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọpọlọ òun ṣiṣẹ́, kí ó ka Akínlàdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àyà òun já, kí ó ka Òkédìjí. Èmi ti yan tèmi.

Ní ti ìwé aláwòrán, àwọn àgbà wa yóò rántí African Film, tí Lance Spearman tí à ń pè ní Spear fi ń lé ọ̀daràn kiri pẹ̀lú fìlà Òyìnbó lórí. Fọ́tò ni, kì í ṣe àwòrán yíyà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Atọ́ka tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ni ti Yorùbá: eré àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ojú irú rẹ̀ ni mo fi ń wo Lápàdé nígbàkúùgbà tí mo bá ń kà á, nítorí ènìyàn ń rí i kedere bí ó ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ìwé tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ní Lápàdé nínú rárá. Atótó Arére ni, ó jáde ní 1981. Níbẹ̀, ọ̀daràn fúnra rẹ̀ ni à ń bá rìn, Àlàbá, láti ìgbà èwe. Ènìyàn mọ̀ pé ohun tí ó ń ṣe kò dára, síbẹ̀ ènìyàn ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn pé kí wọ́n má rí i mú. Ẹ fi èyí wé àwọn òǹwòran Bar Beach, tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa ẹni tí a so mọ́ òpó ju pé olè ni.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa bá ní Àgbàlagbà Akàn, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Àjà Ló Lẹrù wà lọ́wọ́ mi, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Mo lè yá ẹni tí yóò dá a padà.