Ọkọ̀ tó dojú dé tí kò fẹ́ yí padà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí, ó ní kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin kí ọkọ̀ rì àti kí ọkọ̀ dojú dé. Mo dá a lóhùn ní ìlà kan: èyí tó rì ti lọ sí ìsàlẹ̀ omi, èyí tó dojú dé ṣì wà lójú omi, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ló kọjú sí ọ̀run. Ìgbà tí mo fi èsì náà ránṣẹ́ tán ni mo rántí pé ẹ̀mí ènìyàn ti bá ìyàtọ̀ yìí lọ, àti pé òun ló yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ọkọ̀ onígbòkun padà.

Ìje Fastnet ni mo ń wí. Láti ọdún 1925 ni wọ́n ti ń sá a: àwọn ọkọ̀ onígbòkun á gbéra láti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á lọ yí àpáta kan tó ń jẹ́ Fastnet po ní etí òkun Ireland, wọ́n á sì padà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1979, ọkọ̀ 303 ló gbéra. Ní òru ọjọ́ 13 mọ́jú ọjọ́ 14, ìjì ká wọn mọ́ agbami. Nígbà tí ìjì náà fi rọlẹ̀, 15 nínú àwọn tó ń díje ti ṣègbé, ọkọ̀ 85 péré ló sì parí ìje.

Iye kan wà nínú ìròyìn àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọkọ̀ 24 ni àwọn atukọ̀ sá kúrò nínú wọn. 5 péré ló rì. Wọ́n rí 19 yòókù lẹ́yìn náà, wọ́n léfòó. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan ti kú nínú ọkọ̀ rọ́bà agbẹ̀mílà tí wọ́n sá sí. Kí ló wá lé wọn jáde? Ọ̀pọ̀ ni ìgbì ti gbé ọkọ̀ wọn ṣubú títí òpó ìgbòkun fi kan omi, àwọn tó lé ní 70 sì yí kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Grimalkin, tó dojú dé tí kò tètè padà, àwọn mẹ́ta bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà, wọ́n fi ẹni méjì sílẹ̀ tí wọ́n rò pé wọ́n ti kú. Àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Ọ̀kan kú níbẹ̀. Hẹlikópítà wá gbé èkejì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí. Emi kò lè dá àwọn mẹ́ta náà lẹ́bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ayàwòrán ọkọ̀ nìyí. Kí ọkọ̀ kékeré àti ńlá lè jọ díje, òfin ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní IOR. Wọ́n á fi okùn wọn ọkọ̀ níbi mélòó kan, wọ́n á sì fi ìwọ̀n náà ṣírò àkókò rẹ̀. Àwọn ayàwòrán wá ń ya ọkọ̀ tí yóò tẹ́ okùn lọ́rùn: àárín rẹ̀ fẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín, ara rẹ̀ fúyẹ́. Òfin náà tilẹ̀ ń fi ojú rere wo ọkọ̀ tí kò dúró ṣinṣin jù, nítorí náà wọ́n dín ẹrù òjé tó so rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kù, èyí tí a ń pè ní kíìlì.

Ẹ wo ọpọ́n lójú omi. Bó ti fẹ̀ tó yẹn ló jẹ́ kó jókòó dáadáa; ẹ dojú rẹ̀ dé, yóò tún jókòó dáadáa bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ wá wo ìgò tí a ju òkúta wẹẹrẹ sí nídìí: bí ẹ ti wù kí ẹ yí i tó, orí rẹ̀ ló ń wá sókè. Bí òpó ìgbòkun bá sùn lé omi, dígírì 90 nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá dojú dé pátápátá, ó di 180. Àwọn olùwádìí ṣírò pé irú ọkọ̀ Grimalkin, bó bá ti kọjá nǹkan bí 117, kò ní agbára àtidìde mọ́, ìdojúdé ló ń lọ. Ti Contessa 32, ọkọ̀ tóóró tí David Sadler yàwòrán rẹ̀, lé ní 150. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ tó kéré jù lọ, ọ̀kan ṣoṣo ló parí ìje náà: Assent, Contessa 32 ni.

Ẹnikẹ́ni á rò pé ẹ̀kọ́ náà tó. Ní 1986, Czesław Marchaj kọ odidi ìwé lé e lórí. Síbẹ̀, nínú ìje Vendée Globe ti 1996 sí 1997, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń tukọ̀ yí ayé po, ọkọ̀ mẹ́ta dojú dé ní òkun gúúsù. Kíìlì ti Tony Bullimore já. Ọjọ́ mélòó kan ló fi wà nínú òkùnkùn lábẹ́ ọkọ̀ kí ọmọ ogun ojú omi Ọsirélíà tó gbà á là. Ti Thierry Dubois ló bà mí lẹ́rù jù: kíìlì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó nà gbọọrọ sókè ọ̀run, ọkọ̀ náà kò sì yí padà. Ó fẹ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi hàn ní èbúté pé òun lè dìde fúnra òun. Wọ́n á dojú rẹ̀ dé, atukọ̀ á wà nínú rẹ̀, á fi ẹ̀rọ yí kíìlì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹrù náà á sì fa ọkọ̀ dìde. Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ náà kò yọ sílẹ̀: láti 1998, èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ tà ní ilẹ̀ àjọṣe Yúróòpù gbọ́dọ̀ gba àmì A, B, C tàbí D, A fún agbami òkun, ìṣirò ìdúróṣinṣin sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n ṣì fẹ̀ nídìí o, àmọ́ lójú tèmi, yàrá ìbùsùn ló fa tiwọn ju eré sísá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tún ti kọ̀wé. Ó ní kí ni a ó pe ọkọ̀ tó dojú dé tó sì tún dá ara rẹ̀ dìde. Mo gbìyànjú “adádìde”, kò dùn létí mi tó. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.